Ìwé Inú Àpótí àti Ìwé Ìmọ̀ Ọ̀fẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kò jẹ mọ́ oyè, kò sì jẹ mọ́ ọ̀nà tàbí omi ẹ̀rọ, èyí tí a ti kọ̀wé lé lórí títí ó fi sú àwa fúnra wa. Ọ̀rọ̀ àpótí ni. Ní ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín, àpótí kan wà ní abẹ́ ibùsùn tàbí ní òkè àjà, tí ìwé àwọn bàbá yín wà nínú rẹ̀: ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìtàn ìdílé tí olùkọ́ kan jókòó ti bàbá kọ, oríkì tí a fi taipuráítà tẹ̀, àkọsílẹ̀ owó tí a dá nígbà tí a ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Ikán mọ ọ̀nà àpótí náà ju àwọn ọmọ inú ilé lọ.

Kò sí ẹni tí ó kàwé nínú wa tí kò gbọ́ ohun tí ojú ìwé ìtàn Àlùfáà Samuel Johnson rí. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi í ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìwé sì sọnù níbẹ̀. Johnson kú ní 1901, kò fi ojú kàn án mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó kó àwọn àjákù ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ jọ tí ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí òun náà fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ òkun Appam tí ó gbé e bọ́ sí ọwọ́ ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, Obadiah pàápàá sì ti kú nígbà náà. Bí kò bá jẹ́ ti àwọn àjákù ìwé wọ̀nyẹn, kí ni à bá máa kà lónìí?

Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ sí ọ̀dọ̀ ara wa. Charles Phillips, ẹni tí ó wá di Bíṣọ́ọ̀bù ní 1893, dé Oǹdó ní 1877, ó sì ń kọ ohun tí ó rí àti ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀. Àwọn ìwé rẹ̀ wà nínú àkójọ ìwé CMS ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń kà wọ́n. Àwọn tí ó fi í pamọ́ ṣe é ní rere, a kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ọmọ Oǹdó tí ó fẹ́ mọ bí ìlú bàbá ńlá rẹ̀ ti rí ní ọdún wọ̀nyẹn ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú tàbí kí ó máa tọrọ ẹ̀dà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lọ.

Nítorí náà ni Ẹgbẹ́ wa ṣe pinnu láti máa kó ìwé tí ó wà ní ìkáwọ́ wa sí orí Wikipéédíà ti èdè Yorùbá àti àwọn ìwé mìíràn tí ó bá a tan. Fún àǹfààní àwọn àgbà tí kò tíì bá a pàdé, ìwé ìmọ̀ ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà, kò sì ní olówó tí ń tà á. Ní 1995 ni ọmọ Amẹ́ríkà kan, Ward Cunningham, kọ́kọ́ ṣe irú ojú-ewé tí ẹnikẹ́ni lè tún kọ, ó sì fún un ní orúkọ wiki, ọ̀rọ̀ àwọn ará Hawaii tí ó túmọ̀ sí kíákíá. Wikipéédíà ti èdè Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2001. Ti Yorùbá tẹ̀ lé e ní 2002. Àyọkà inú ti Gẹ̀ẹ́sì ti ju 6,000,000 lọ. Tiwa ti ju 30,000 lọ, àwọn ọmọ Yorùbá tí kò gba kọ́bọ̀ ni wọ́n sì kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. A kí wọn kú iṣẹ́. Kí ẹni tí ó bá ní fóònù lọ́wọ́ wo ohun tí ó wà níbẹ̀ nípa àdúgbò tirẹ̀, kí ó tó ka ọ̀rọ̀ wa síwájú.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ní ìpàdé, ọ̀pọ̀ rò pé iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ni. Wọ́n ní, ṣebí ìwé ti wà nínú kọ̀ǹpútà, kí a sáà gbé e láti ibì kan sí ibì kejì bí a ti ń gbé àga. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ní àkókò ìsinmi kan, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ mú ìwé olójú-ewé mẹ́wàá lórí oríkì àwọn ìdílé Oǹdó, èyí tí a tẹ̀ ní ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Lórí bébà, ìwé náà mọ́ tónítóní, àmì ohùn rẹ̀ sì pé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣí i lórí ẹ̀rọ mìíràn, ibi tí ọ́ wà ti di àmì owó, ibi tí ẹ̀ wà ti di àmì ìbéèrè, ibi tí ṣ wà ti di àpótí òfìfo. Orúkọ ọba kan di ohun tí ẹnu kò lè pè. Àgbà ìjòyè kan tí ó jókòó tì wá béèrè bóyá èèdì ni wọ́n di ìwé náà.

Kì í ṣe èèdì. Ní ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò tíì mọ lẹ́tà wa, àwọn tí ń ṣe fọ́ńtì Yorùbá a máa mú àmì kan tí a kì í sábà lò, wọn a pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọn a sì ya ọ́ tàbí ẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ọ́ ni òǹkàwé ń rí, ṣùgbọ́n àmì owó ni ẹ̀rọ fi pamọ́. Níwọ̀n ìgbà tí fọ́ńtì náà bá wà nítòsí, àṣírí bò. Nígbà tí kò bá sí, ẹ̀rọ a sọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ohun tí a ṣe ni pé a gbé ìwé tí ó wà lórí bébà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, a kọ àmì kọ̀ọ̀kan tí ó dàrú àti lẹ́tà tí ó dúró fún sínú tábìlì kan, a sì ń pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń ka bébà sókè, ẹnì kejì ń fi ojú bá a lọ lórí ẹ̀rọ. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ojú-ewé mẹ́wàá gbà lọ́wọ́ wa. Ẹni tí ó bá ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, kí ó má ṣe tìtorí pé ó ní i níbẹ̀ sọ ti bébà nù o!

Láti 1991 ni ètò kan tí a ń pè ní Unicode ti ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ̀rọ gbogbo lè fi ẹnu kò. Ẹ, ọ àti ṣ wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó lè pa yín lẹ́rìn-ín ni pé ẹ àti ọ wà láàárín àwọn lẹ́tà tí a tò síbẹ̀ nítorí àwọn ará Vietnam, tí èdè tiwọn náà jẹ́ olóhùn, tí àmì abẹ́ lẹ́tà sì jẹ́ àmì ohùn lọ́dọ̀ wọn. Orí lẹ́tà wọ̀nyí ni a óò wá fi àmì òkè tàbí ti ìsàlẹ̀ lé, nítorí pé ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ó dá dúró. Bí akọ̀wé bá kọ́kọ́ fi àmì ohùn sí i, tàbí ó kọ́kọ́ fi ti abẹ́, ẹ̀rọ wiki yóò tò ó bí ó ti yẹ.

Àṣìṣe kan wà ṣá o, tí ẹ̀rọ náà kò lè tò. Àwọn akọ̀wé kan a máa fi ìlà kékeré tí ó nàró sí abẹ́ e àti o, dípò kókó róbótó. A rí ìlà yìí nínú ìwé àtijọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ojú ènìyàn, ọ̀kan náà ni ìlà àti kókó. Ní ojú ẹ̀rọ, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Bí ẹnì kan bá fi ìlà kọ Àkúrẹ́ nínú àyọkà rẹ̀, tí ọmọ wa kan ní London sì fi kókó wá a, ẹ̀rọ lè sọ fún un pé kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ìlú odindi yóò wà níbẹ̀, a kò sì ní rí i. Kókó ni kí gbogbo wa máa lò.

Èyí tí ó dùn wá jù lọ ni ti oríkì. Ẹ̀rọ wiki kò ka òpin ìlà sí nǹkan kan. Bí a bá tẹ ìlà mẹ́jọ tẹ̀ léra wọn, yóò so wọ́n pọ̀ di ìpínrọ̀ gbọọrọ kan. Ìlà tí ó bá sì fi àlàfo bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹtẹ̀wé wa ti máa ń ti ìlà wọ inú díẹ̀, yóò bọ́ sínú àpótí aláwọ̀ eérú bí ẹni pé ìwé òfin ẹ̀rọ ni. Nígbà tí a rí oríkì ìdílé kan tí ó ti di ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀, a pe ìyá arúgbó kan tí ó mọ̀ ọ́n kì, a sì ka ohun tí ó wà lórí ẹ̀rọ fún un. Kò jẹ́ kí a dé ìdajì. Ó ní, “Níbo ni ẹ fẹ́ kí n ti mí?” Òótọ́ ni ìyá sọ. Òpin ìlà ni èémí, ibẹ̀ ni ẹni tí a ń kì ti ń mọ̀ pé orúkọ bàbá mìíràn ni ó kàn báyìí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí a fi ọ̀rọ̀ náà poem, nínú àkámọ́ ẹlẹ́nu ṣóńṣó, sí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí oríkì, ìlà kọ̀ọ̀kan yóò sì dúró sí àyè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò ba iṣẹ́ jẹ́.

Àwọn àmì yòókù kò gba ìlànà púpọ̀. Àkọlé a máa wà láàárín àmì ìdọ́gba méjì-méjì. Orúkọ tí a fẹ́ kí ó jẹ́ ọ̀nà sí àyọkà mìíràn, àkámọ́ onígun méjì-méjì ni a fi ń ká a mọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ní láti dúdú ju ìyókù lọ, àmì kékeré bí èyí tí ó wà nínú l'ọ́nà ni a óò tẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní iwájú àti ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ bí LibreOffice àti Pandoc wà tí wọ́n lè sọ ìwé Word di ìwé wiki láàárín ìṣẹ́jú kan, a sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn náà a máa kó pàǹtírí wá: ìwọ̀n lẹ́tà, àwọ̀, àti àlàfo tí akọ̀wé fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Kí a gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ìkọsílẹ̀ ni a ti jiyàn jù ní ìpàdé. Gbogbo yín mọ̀ pé a kì í kọ Yorùbá lónìí bí a ti ń kọ ọ́ nígbà tí àwọn bàbá wa wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì ṣe ní Èkó ní 1875 ni ó fi ẹsẹ̀ ìkọsílẹ̀ àtijọ́ múlẹ̀. Ìgbìmọ̀ ti 1966 àti ìlànà tí ìjọba fi ọwọ́ sí ní 1974 ni ó mú wa kúrò ní aiye, enia, nwọn àti yio, tí a fi ń kọ ayé, ènìyàn, wọ́n àti yóò. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ kí a tún gbogbo ìwé àtijọ́ kọ ní ìlànà tuntun kí a tó gbé e jáde. Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n a kò gbà.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ìwé ìpàdé kan tí a gbé wá láti àdúgbò kan, a kọ ọ́ pé nwọn mu igba wá fun ọba. Kò sí àmì ohùn kan lórí igba náà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọ tí ó mọ̀wé dáradára, kọ ọ́ ní igbá, ó sì kọjá lọ. Àgbà kan nínú ìdílé náà ní rárá, igba ni, igba iṣu tí àdúgbò wọn máa ń kó lọ sí ààfin. Ẹlòmíràn ní igbà ọ̀pẹ ni, nítorí pé akọpẹ ni àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Ẹ wò ó bí àmì kékeré kan ti lè sọ ẹni tí ó mú ẹ̀bùn wá di ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀! Ẹni tí ó kọ ìwé náà ti kú, kò sí ẹni tí yóò bi. Ohun tí a fi ẹnu kò sí ni pé a óò ya àwòrán ojú-ewé náà, a óò tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láìfi àmì kan kún un, a óò sì gbé àwòrán náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àlàyé ẹnikẹ́ni, kí a kọ ọ́ sí ibòmíràn pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Àyọkà tuntun tí àwa fúnra wa bá kọ ni kí ó tẹ̀ lé ìlànà 1974, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ ní pípé.

Bákan náà ni ti ẹ̀ka èdè. Ulé ni ilé lẹ́nu ará Àkúrẹ́. Ará Oǹdó ní ìró kan tí kò sí nínú lẹ́tà Yorùbá àjùmọ̀lò, tí a máa ń fi gh kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá rí ìwọ̀nyí nínú oríkì a máa rò pé àṣìṣe ni, yóò sì yí i sí ti Ọ̀yọ́. A ti rí i kí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a sì bínú lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ̀yin ìjòyè wa, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín gan-an ni a dé yìí. Wikipéédíà kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ohun tí a bá kọ síbẹ̀ gbọ́dọ̀ tọ́ka sí ìwé tí a ti tẹ̀ jáde, tí ẹlòmíràn lè lọ yẹ̀ wò. Ìlànà yìí le fún àwa tí ìtàn wa wà lẹ́nu àwọn àgbà, àwọn ọ̀mọ̀wé kan sì ti ń jà pé kí a rọ̀ ọ́. Títí di ìgbà tí a óò rọ̀ ọ́, ìwé ìròyìn olóṣooṣù yìí, bí ó ti kéré tó, jẹ́ ìwé tí a tẹ̀ jáde. Àgbà tí ó bá sọ ìtàn àdúgbò rẹ̀ fún wa, tí a tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, oyè rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ní ibi tí a lè tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ibẹ̀ ni a óò ti máa du oyè. A mọ ìdílé kan, a kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ lọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn nìkan ni ó ni oyè kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ìdílé kejì ti pa á rẹ́, ó ti kọ tirẹ̀. Ojú ti àwa tí a ń wò wọ́n. Ohun tí àwọn méjèèjì kò mọ̀ ni pé ojú-ewé wiki kì í gbàgbé: gbogbo ohun tí a kọ, gbogbo ohun tí a parẹ́, orúkọ tí ẹni tí ó ṣe é ń lò, ọjọ́ àti wákàtí, ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó. Bí ìtàn méjì bá wà, kí a kọ méjèèjì, kí a sì sọ ẹni tí ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀ràn ẹ̀tọ́ oníwèé kò ṣeé fò dá. Òfin ilẹ̀ wa dáàbò bo ìwé fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó kọ ọ́. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí ó jẹ́ aládùúgbò Oǹdó, kú ní 1963. Nítorí náà, títí di òpin 2033, kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba àṣẹ, bí ó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ sí èdè pọ̀ tó. A sọ èyí nítorí pé olùkọ́ kan ti bi wá. Ti ìwé inú àpótí yín, ẹ̀yin ọmọ ni àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, a kò sì ní gbé ewé kan jáde láìjẹ́ pé ẹ fi ọwọ́ sí i. Kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń fi ọwọ́ sí: ẹnikẹ́ni yóò lè dà á kọ, yóò lè tẹ̀ ẹ́, yóò lè tà á pàápàá, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tí ó kọ ọ́ tí ó sì jẹ́ kí ẹlòmíràn náà lò ó lófẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sọ. A óò ya àwòrán rẹ̀ fún un ní ìkọ̀kọ̀, kò ní bọ́ síta.

Àwọn kan ń bi wá pé ṣé ẹ̀rọ kò lè ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń ka lẹ́tà láti inú àwòrán wà, Tesseract tilẹ̀ ti kọ́ èdè Yorùbá; ó ń ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí ìwé bá mọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí yíǹkì rẹ̀ ti ṣá, tí kókó abẹ́ rẹ̀ ti parẹ́, àfi ojú ènìyàn. Ní ti ẹ̀rọ atúmọ̀ èdè, tí Google ti fi Yorùbá kún tirẹ̀ láti 2013, a ti kìlọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ẹni tí ó bá fi í kọ àyọkà tí kò sì tún un kà, a óò dá a padà fún un.

Ní báyìí, ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, márùn-ún ní Oǹdó, mẹ́rin ní Àkúrẹ́. Wọn kò tó. A ń fẹ́ àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú wọn ṣì ríran, tí wọ́n sì mọ àmì ohùn, láti máa ka iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn wọn. Ẹni tí ó bá ní ìwé nínú àpótí, kí ó mú un wá sí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀, kí ó má ṣe tú okùn rẹ̀, kí ó má sì ṣe fi ọwọ́ ya ewé tí ó bá lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni a óò gbé tábìlì sí, nítorí ìmọ́lẹ̀. Ojú ẹni tí ó ni ìwé ni a óò ti ya àwòrán ewé kọ̀ọ̀kan, a óò sì dá ìwé rẹ̀ padà fún un kí ó tó dìde.